Atukọ̀ Seville àti Òṣìṣẹ́ Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Ìdènà Lórí Irinṣẹ́ Àwòrán-ilẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ lóde òní, ìṣòro kan náà ni ó ń dojú kọ òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ilẹ̀ wíwọ̀n, ọ̀nà lílà, omi ẹ̀rọ tàbí ètò ìlú. Ètò kọ̀ǹpútà tí ó fẹ́ fi ya àwòrán-ilẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì; ọ̀fẹ́ ni, ojúlówó sì ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ní kí òun gbà á sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìkìlọ̀ ni yóò yọ sí i lójú pé nẹ́tíwọ̀kì ilé-iṣẹ́ kò fún un láyè. Bí ó bá sì dá ọgbọ́n gbé e wọlé láti ibòmíràn, kọ̀ǹpútà náà yóò béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé alábòójútó lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí kò ní. Yóò kọ ìwé ìbéèrè. Ìwé náà yóò máa lọ láti orí tábìlì kan dé òmíràn, iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó parí lọ́sẹ̀ náà yóò sì di ti oṣù tí ń bọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lásán ni èyí, pé àìmọ̀kan àwọn tí ń ṣọ́ nẹ́tíwọ̀kì ni ó fà á, tàbí ìwà ìkánjú àwọn tí ń lò ó. Ìwé yìí kò gba èyíkéyìí nínú èrò méjèèjì wọlé pátápátá. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé ìtàn méjì ni ó pàdé lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo: ìtàn àwòrán-ilẹ̀, tí ó ti wà lábẹ́ àṣẹ ìjọba láti ìgbà pípẹ́, àti ìtàn àbò kọ̀ǹpútà, tí kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó tún fẹ́ fi hàn pé àkókò tí òṣìṣẹ́ fi lè gbé irinṣẹ́ tí ó wù ú sórí kọ̀ǹpútà iṣẹ́ rẹ̀ kúrú púpọ̀. Àkókò òmìnira náà ni àlejò nínú ìtàn yìí. Àgádágodo ti wà ṣáájú rẹ̀.

Àwòrán Ọba ní Seville

Ní ọdún 1503 ni ìjọba Spéìn dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Seville, tí a mọ̀ sí Casa de la Contratación, kí ó máa bójú tó òwò àti ìrìn-àjò ojú omi sí àwọn ilẹ̀ tí Columbus dé lẹ́yìn òkun. Ní 1508, wọ́n fi Amerigo Vespucci jẹ olórí àwọn atukọ̀. Lára iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kí ó bójú tó àwòrán-ilẹ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo àwòrán yòókù yóò máa tẹ̀ lé. Orúkọ àwòrán yìí ni Padrón Real, èyíinì ni àwòkọ́ṣe ti ọba. Atukọ̀ tí ó bá ń lọ sí òkè òkun gbọ́dọ̀ mú àdàkọ rẹ̀ lọ́wọ́; ẹni tí ó bá lo òmíràn yóò san owó ìtanràn. Bí atukọ̀ bá sì ti ìrìn-àjò dé, ó di dandan fún un láti ròyìn erékùṣù, òkúta abẹ́ omi àti ẹnu odò tuntun tí ó rí, kí wọ́n lè fi kún àwòrán tí ó wà ní ilé-iṣẹ́ náà.

Ìdí méjì ni wọ́n ní fún òfin yìí, ó sì yẹ kí a fi wọ́n sọ́kàn, nítorí wọn yóò tún padà wá níwájú. Èkíní, àwòrán tí kò péye lè gbé ọkọ̀ lọ fọ́ sórí àpáta, ẹ̀mí àti ọjà yóò sì ṣòfò. Èkejì, àwòrán tí ó péye, bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Pọtogí, yóò tú àṣírí ọ̀nà tí ọrọ̀ ọba ń gbà. Dídára irinṣẹ́ àti ààbò àṣírí: lórí òpó méjì yìí ni òfin Seville dúró lé.

Síbẹ̀, kò pẹ́ púpọ̀ tí ìjà fi bẹ́. Abẹ́rẹ́ kọ́ḿpáàsì kì í tọ́ka sí àríwá gan-an níbi gbogbo. Bí ọkọ̀ bá ti ń la òkun Àtìláńtíìkì kọjá ni ìyàtọ̀ náà ń yí padà. Nítorí náà, atukọ̀ tí ó bá tẹ̀ lé kọ́ḿpáàsì rẹ̀ lórí àwòrán ọba, tí ó sì wo oòrùn láti mọ bí òun ti jìnnà tó sí ìlà agbedeméjì ayé, yóò rí i pé àwòrán àti oòrùn kò sọ ohun kan náà. Diego Gutiérrez, tí ó jẹ́ ayàwòrán ní Seville, wá ojútùú sí i. Ó ya àwòrán tí ó ní òṣùwọ̀n méjì fún jíjìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, ọ̀kan fún apá kan òkun, èkejì fún apá kejì, ó sì yẹ̀ wọ́n kúrò lára wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí kọ́ḿpáàsì wí àti ohun tí oòrùn wí fi bára mu. Àwọn atukọ̀ fẹ́ràn àwòrán yìí. Sebastian Cabot, tí ó jẹ́ olórí atukọ̀ nígbà náà, gbè wọ́n lẹ́yìn.

Inú àwọn onímọ̀ ìṣirò ayé kò dùn sí i. Pedro de Medina àti Alonso de Chaves wà lára àwọn tí ó takò ó. Lójú tiwọn, ayé kan ṣoṣo ni ó wà, ìlà agbedeméjì kan ṣoṣo ni ó sì ní. Àwòrán tí ó bá ní méjì, irọ́ ni ó ń pa, bí ó tilẹ̀ gbé ọkọ̀ dé èbúté. Ẹjọ́ náà lọ títí láàárín 1544 sí 1545, wọ́n sì fòfin de àwòrán olóṣùwọ̀n méjì.

Ó rọrùn láti sọ pé àwọn onímọ̀ ni ó jàre, nítorí ìmọ̀ òde òní wà lẹ́yìn wọn. Ó sì rọrùn láti sọ pé àwọn atukọ̀ ni, nítorí àwọn ni wọ́n wà lórí omi. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ohun tí àwọn méjèèjì ń béèrè lọ́wọ́ irinṣẹ́ kan náà yàtọ̀ síra. Ilé-iṣẹ́ ń fẹ́ àwòrán tí òun lè jẹ́rìí sí. Atukọ̀ ń fẹ́ èyí tí yóò bá a ṣiṣẹ́ lọ́la. Ẹni tí ó bá ka ìwé ìbéèrè òṣìṣẹ́ òde òní àti èsì tí olùṣọ́ nẹ́tíwọ̀kì fọ̀ sí i yóò dá ohùn méjèèjì mọ̀.

Yàrá Kọ̀ǹpútà àti Ẹni tí ó wà Níbẹ̀

Láti Seville, ìtàn yìí lè fo ọ̀rúndún mẹ́rin láìpàdánù ohun púpọ̀. Ní àwọn ọdún 1960, Roger Tomlinson darí iṣẹ́ tí ó sọ ìwé àkọsílẹ̀ nípa ilẹ̀ Kánádà di ohun tí kọ̀ǹpútà lè kà, tí ó sì lè ṣírò. Ní 1965, Howard Fisher dá yàrá-ìwádìí sílẹ̀ ní Yunifásítì Harvard, níbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí ètò tí ń jẹ́ SYMAP. Àwòrán SYMAP kò fani mọ́ra: lẹ́tà àti àmì ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń tẹ̀ lérí ara wọn kí ibi kan lè dúdú ju ibòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹ̀rọ lè ṣe iṣẹ́ tí ó ti jẹ́ ti ọwọ́ àti gègé.

Ohun tí ó kan kókó ìwé yìí ni bí wọ́n ti ń lò ó. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà tóbi, ó sì wọ́n. Ó ní yàrá tirẹ̀, yàrá náà sì ní ìlẹ̀kùn. Ẹni tí ó fẹ́ ya àwòrán yóò lu iṣẹ́ rẹ̀ sórí káàdì, yóò kó káàdì náà fún òṣìṣẹ́ yàrá, yóò sì padà wá gba èsì bí ó bá di ọ̀la. Kò sí ẹni tí ó rò pé òun lè gbé ètò kan sórí ẹ̀rọ náà fúnra òun. Àgádágodo wà, ó sì le. Ṣùgbọ́n ènìyàn kan wà nídìí rẹ̀. A lè bá a sọ̀rọ̀, a lè bẹ̀ ẹ́, a lè jókòó tì í kí ó ṣàlàyé ìdí tí iṣẹ́ fi kọ̀. Ìyàtọ̀ yìí kò kéré rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ń kọ ìtàn kọ̀ǹpútà kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà á.

Irinṣẹ́ Ológun tí ó di ti Gbogbo Ayé

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀ jáde ní 1981, yàrá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Díẹ̀díẹ̀, òṣìṣẹ́ di ọba lórí tábìlì rẹ̀. Bí ó bá ní díìsìkì lọ́wọ́, ó lè fi ohun tí ó wù ú sí i.

Ní 1982, ọdún kan lẹ́yìn náà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ètò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ GRASS, ní yàrá-ìwádìí iṣẹ́ ìkọ́lé ti ẹ̀ka onímọ̀-ẹ̀rọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ní ìlú Champaign, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ilẹ̀ gbalasa ni àwọn ológun ní láti bójú tó: ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn, ibi tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ ogun, igbó, odò, ẹranko. Wọ́n nílò ètò tí yóò sọ fún wọn ibi tí ilẹ̀ yóò ti wọ́ àti ibi tí kò yẹ kí ọkọ̀ dé. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Seville yóò retí pé irinṣẹ́ tí ó ti ọ̀dọ̀ ológun wá yóò di àṣírí. Òdìkejì ni ó ṣẹlẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà kò fún ìjọba àpapọ̀ ní ẹ̀tọ́ oníwèé lórí iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe, nítorí náà ẹnikẹ́ni ni ó lè gba GRASS, kí ó tú u wò, kí ó sì tún un ṣe. Àwọn ẹ̀ka ìjọba mìíràn àti àwọn yunifásítì lo àǹfààní yìí.

Nígbà tí àwọn ológun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1990, kò kú. Yunifásítì Baylor ní Texas gbà á tọ́jú. Markus Neteler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hannover, ní ilẹ̀ Jámánì, náà gbé e lárugẹ. Ní 1999, wọ́n fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ GPL, èyí tí ó ní kí ẹnikẹ́ni tí ó bá pín in fún ẹlòmíràn fún un ní òmìnira kan náà. Ní 2002, Gary Sherman bẹ̀rẹ̀ QGIS, tí ó rọrùn fún ojú àti ọwọ́ ju GRASS lọ, tí ó sì lè lo GRASS gẹ́gẹ́ bí irinṣẹ́ inú rẹ̀.

A kò gbọ́dọ̀ fojú kéré èyí. Ní Ilé-Ifẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1972 lábẹ́ orúkọ RECTAS ti ń kọ́ àwọn ará Áfíríkà ní bí a ti ń fi àwòrán tí a yà láti òfuurufú wọn ilẹ̀. Fún irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, àti fún ẹ̀ka awọnlẹ̀ ìjọba ní orílẹ̀-èdè tí owó òkèèrè ti wọ́n, iye owó ètò kọ̀ǹpútà jẹ́ àgádágodo kan fúnra rẹ̀. Ètò tí kò gba owó ṣí i. Ohun tí ó bani nínú jẹ́ ni pé bí àgádágodo owó ti ń ṣí, òmíràn ń pa dé.

Ọdún 1988

Ohun méjì ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1988, àwọn tí ó rí wọn nígbà náà kò sì ní rò pé wọ́n jọ ní ohunkóhun ṣe. Ní oṣù kẹsàn-án, olórí iṣẹ́ àwòrán-ilẹ̀ ilẹ̀ Sófíẹ̀tì, Viktor Yashchenko, jẹ́wọ́ nínú ìwé ìròyìn Izvestia pé ìjọba ti ń mọ̀ọ́mọ̀ yí àwòrán-ilẹ̀ tí ó wà fún ará ìlú po fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Wọ́n ti gbé odò kúrò ní àyè rẹ̀, wọ́n ti yẹ òpópónà. Ìlẹ̀kùn Seville ni èyí tí ó ń ṣí.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún náà, Robert Tappan Morris, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Cornell, tú ètò kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ń ti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí òmíràn láìsí ẹni tí ó rán an. Iye tí wọ́n fojú bù ni pé ó dé orí kọ̀ǹpútà tí ó tó 6,000 nínú nǹkan bí 60,000 tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Kòkòrò yìí fi hàn pé ògiri íntánẹ́ẹ̀tì lanu níbi púpọ̀. Láàárín oṣù náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ CERT sílẹ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon láti máa dáhùn irú ewu bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tí wọ́n ń pè ní firewall sáàárín nẹ́tíwọ̀kì tiwọn àti ti ìta, kí ó máa yẹ ohun gbogbo tí ó ń wọlé àti èyí tí ó ń jáde wò. Ìwé tí William Cheswick àti Steven Bellovin kọ lórí rẹ̀ ní 1994 di ohun tí àwọn olùṣọ́ ń kà káàkiri.

Àwọn ayàwòrán-ilẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fara gbá a, nítorí bí a ti ṣe irinṣẹ́ wọn. Àpẹẹrẹ kan tó láti ṣàlàyé. Ètò ArcGIS tí àwọn òṣìṣẹ́ púpọ̀ jọ ń pín ìwé àṣẹ rẹ̀ lò gbọ́dọ̀ béèrè àyè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà kan tí ń tọ́jú ìwé àṣẹ náà. Ẹnu-ọ̀nà 27000 ni ó ń gbà lọ béèrè. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹnu-ọ̀nà yìí, òmíràn tún wà tí nọ́ńbà rẹ̀ ń yí padà, àyàfi bí alábòójútó bá kọ nọ́ńbà kan pàtó sílẹ̀ fún un. Olùṣọ́ firewall yóò ṣí 27000, yóò sì sọ pé òun ti ṣe tòun. Òṣìṣẹ́ yóò sì sọ pé ètò òun kò ṣí síbẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń sọ òtítọ́. Ti QGIS náà ní ìṣòro tirẹ̀: ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí a fi ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà Windows, OSGeo4W, máa ń lọ gba ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àfikún tí ó sọ ọ́ di alágbára jẹ́ kóòdù tí àwọn olùyọ̀ǹda kọ láti ibi gbogbo. Lójú ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣọ́ ẹnu-ọ̀nà, kò sí ohun tí ó jọ ewu ju èyí lọ.

Kò sì yẹ kí a fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀sín. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló yóò sá. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2017, kòkòrò tí a mọ̀ sí NotPetya tàn kálẹ̀ láti inú àtúnṣe ètò ìṣirò owó orí kan ní ilẹ̀ Ukraine. Èyíinì ni pé àwọn tí ó kó o kò ṣe ju pé wọ́n gba ètò tí ó yẹ kí wọ́n gbà, láti ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti gbà á. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Maersk ti ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, gẹ́gẹ́ bí alága rẹ̀ ti sọ lẹ́yìn náà, ní láti tún kọ̀ǹpútà 45,000 ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Àkọsílẹ̀ kan tí ó ṣe pàtàkì jù fún nẹ́tíwọ̀kì wọn kò kù níbi kankan lágbàáyé àyàfi ní ọ́fíìsì wọn ní Gánà, nítorí pé iná mànàmáná ti lọ níbẹ̀ nígbà tí kòkòrò náà dé. Bí ìròyìn ti wí, ọwọ́ ni wọ́n fi gbé e dé Nàìjíríà, tí ẹlòmíràn fi gbà á ní pápákọ̀ òfuurufú kí ó tó gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ilé-iṣẹ́ tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yóò ti ìlẹ̀kùn, kò sì sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi.

Òfin Kẹjọ

Ibi tí ẹ̀bi wà, bí ó bá wà, ni inú ohun tí àwọn olùṣọ́ yàn láti rántí. Ní 1975, Jerome Saltzer àti Michael Schroeder ti MIT kọ ìwé kan lórí ààbò kọ̀ǹpútà, wọ́n sì to òfin mẹ́jọ tí irú ààbò bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó tẹ̀ lé. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kí a má fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ ju èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ béèrè lọ. Òfin yìí ni ó di ìpìlẹ̀ gbogbo ìdènà tí a ń sọ; nígbà tí Windows Vista jáde fún ará ìlú ní 2007, tí ó ń béèrè ìyọ̀ǹda kí a tó gbé ohunkóhun sórí kọ̀ǹpútà, òun ni ó ń mú ṣẹ. Òfin kẹjọ, tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ni pé ààbò gbọ́dọ̀ rọrùn fún ẹni tí ń lò ó tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi máa pa á mọ́ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, òfin àṣẹ kékeré ni a gbé sókè. Òfin kẹjọ wà nínú ìwé.

A tún ní láti wo òfin àkọ́kọ́ tí a mẹ́nu bà yìí dáadáa. Ó ní kí a má fún ènìyàn ní àṣẹ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò ní kí a fún un ní èyí tí kò tó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àwòrán-ilẹ̀, irinṣẹ́ àwòrán-ilẹ̀ wà nínú àṣẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ béèrè. Ẹni tí ó bá fi òfin yìí dù ú ti yí i sódì.

Ọ̀nà Ẹ̀bùrú

Bí a bá ti ìlẹ̀kùn, àwọn ènìyàn yóò wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Google Maps tí ó jáde ní 2005 fi hàn pé àwòrán-ilẹ̀ lè wà lójú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì láìsí pé a gbé ètò kan sórí kọ̀ǹpútà. Ní 2004 ni Steve Coast ti dá OpenStreetMap sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè fi kún àwòrán ayé. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Háítì ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2010, àwọn olùyọ̀ǹda káàkiri ayé ya òpópónà Port-au-Prince láàárín ọjọ́ díẹ̀ láti inú àwòrán sátẹ́láìtì, àwọn tí ó lọ ṣe ìrànlọ́wọ́ sì lo àwòrán náà. Púpọ̀ nínú irinṣẹ́ tó lágbára tí wọ́n ń lò, bí JOSM, ṣì jẹ́ ohun tí a ní láti gbé sórí kọ̀ǹpútà. Ní 2013, irinṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ iD dé, tí kò béèrè ju ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì lásán lọ. Òṣìṣẹ́ tí a kọ̀ láti fún ní ọ̀rọ̀ ìwọlé alábòójútó lè fi í ṣiṣẹ́ láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Fún àwòrán tí ó jẹ́ ti gbogbo ayé, èyí dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àwòrán ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ìní ilẹ̀, ipa páìpù omi lábẹ́ ìlú, ibi tí àwọn aláìsàn ń gbé: ohun tí ilé-iṣẹ́ ní ìdí láti pa mọ́ ni. Bí QGIS bá wà lórí kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́, àkọsílẹ̀ yìí kò ní jáde kúrò nínú ilé-iṣẹ́. Bí a bá sì dù ú ní QGIS, tí ọjọ́ iṣẹ́ sì pé, ojú ìwé ẹlòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò gbé e lọ, sórí kọ̀ǹpútà tí ó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, firewall yóò sì jẹ́ kí ó kọjá láìbéèrè ohunkóhun, nítorí ẹnu-ọ̀nà tí gbogbo ojú ìwé ń gbà ni òun náà gbà jáde.